Ọwọ́ mi ti kúrò lọ́rùn

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Fún ọdún mẹ́fà, ìka mi kì í kúrò lábẹ́ àgbọ̀n. Mo lè máa wọn oníbàárà lọ́wọ́, kí n fi téèpù sílẹ̀, kí n máa ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù lọ́rùn mi. Bó bá yára, ẹ̀rù á bà mí. Ẹ̀rù yẹn á tún mú un yára sí i.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀. Iléyá ń bọ̀, aṣọ kún ilẹ̀, mo wà nídìí ẹ̀rọ ní òru. Àyà mi ṣàdédé já, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, èémí mi ò délẹ̀ mọ́. Mo rò pé ikú tó mú bàbá ló padà wá. Ọ̀kadà ni ọkọ mi fi gbé mi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n so wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan tó ṣe mí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Ara mi ń gbóná látinú, ó ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn nínú orí mi, oorun sì ti kọ̀ mí sílẹ̀. Kí wá ni ìyẹn?

Mo gbààwẹ̀, ebi tún dá kún gbígbọ̀n ọwọ́. Mi ò fi àdúrà ṣeré o, mo ṣì ń gbà á. Àmọ́ obì tí mò ń jẹ kí oorun má bàa gbé mi níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kaféènì tó wà nínú kọfí, tó ń mú àyà yára lù, wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ní kí n lọ sí Àrò, ilé ìwòsàn àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ. Mo sunkún. Ní ìlú wa, ẹni tó bá débẹ̀, wèrè ni wọ́n á pè é. Ìyá ọkọ mi ló là mí lójú. Abúlé kan nítòsí Àrò ni wọ́n ti tọ́ Màmá dàgbà, wọ́n sì rántí bí Dókítà Lambo, oníṣègùn àìsàn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta níbí, ṣe fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé láàárín ọdún 1950 sí 1960, tàwọn tẹbí wọn. Wọ́n ní, “Ìyàwó, a jọ ń lọ sóko ni. Mo bá wọn jẹun. Èèyàn ni wọ́n.” Màmá gan-an ló sìn mí lọ.

Oògùn tí wọ́n fún mi kò tètè ṣiṣẹ́. Èébì ń gbé mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì tó bí oṣù kan kí n tó mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò ní gbàgbé ni àtẹ̀gùn. Obìnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní kí n máa sáré gùn ún, kí n máa sáré sọ̀ ọ́, títí àyà mi á fi máa lù kìkì. Lẹ́yìn náà, kí n jókòó, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. “Ẹ má kàn án lọ́rùn.” Mo rò pé màá kú lórí àga yẹn. Àyà ń lù, ó ń lù, ó dé góńgó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò ṣe nǹkan kan sí i. Omi bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń sá fún ohun tó mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀.

A ṣe é léraléra kó tó mọ́ mi lára. Mo pa obì tì. Mò ń sùn. Ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ni mo fi ń ṣẹ́ etí aṣọ báyìí, abẹ́rẹ́ ń wọlé, ó ń jáde, mo sì lè gbọ́ ohùn àwọn ọmọ lóde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọkọ̀ ní Kútọ̀ lọ sí Òṣòdì, èmi tí n kì í lè kọjá Ifọ̀. A dé Sángo, sún-kẹẹrẹ dé, àyà mi já. Mo mí síta díẹ̀díẹ̀. Ìyá tó jókòó tì mí ń jẹ bọ̀ọ̀lì, wọ́n bù fún mi. Ọwọ́ tí ì bá wà lọ́rùn mi ni mo fi gbà á.