Frontier kì í ṣe ibodè, kì í sì í ṣe ilẹ̀ aláìlófin

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Lórí bá a ṣe máa túmọ̀ frontier ti Amẹ́ríkà sí Yorùbá, ìyẹn ilẹ̀ tí àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa láyé àtijọ́, àbá méjì ló wà nílẹ̀: ẹnìkan ní ká pè é ní "ibodè", kí deputy marshal, ìyẹn ẹni tí kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń rán lọ mú ọ̀daràn, wá máa jẹ́ "ọlọ́pàá ibodè", ẹlòmíì ní "ilẹ̀ aláìlófin". Mi ò fara mọ́ ìkankan o, ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára gan-an.

Ibodè, ibi tí oníbodè ń jókòó sí gbowó ni. Tí ọmọ wa bá ka "ọlọ́pàá ibodè", Sèmè lọkàn ẹ̀ máa lọ, kọ́sítọ́ọ̀mù àti àpò ìrẹsì. Ilẹ̀ tá à ń sọ yìí, Indian Territory tó padà di ara ìpínlẹ̀ Oklahoma lọ́dún 1907, ilẹ̀ rẹpẹtẹ ni, èèyàn lè gun ẹṣin lọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó má tíì yí i ká.

"Aláìlófin" ló wá burú jù. Àwọn Cherokee, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ń lo òfin ìpìlẹ̀ tiwọn níbẹ̀ látọdún 1839, wọ́n ní kóòtù ní Tahlequah, olú ìlú wọn, àwọn àti ẹ̀yà Creek àti Choctaw sì láwọn ọlọ́pàá tó ń gun ẹṣin, Lighthorse lorúkọ wọn. Ohun tó kàn ń dà á rú ni pé kóòtù wọn ò lágbára lórí òyìnbó tó bá wọlé wá, ni gbogbo ẹni tó bá pààyàn ní Texas bá ń sá wọ ibẹ̀. Òfin méjì ló wà lórí ilẹ̀ kan, ti àwọn ẹ̀yà yìí àti ti Amẹ́ríkà, báwo la ṣe máa wá sọ pé kò sí!

Ẹ wo April 15, 1872. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọmọ Cherokee kan tó ń jẹ́ Zeke Proctor ti yìnbọn, ó ba obìnrin Cherokee kan tó ń jẹ́ Polly Beck, obìnrin yẹn kú, ọkọ ẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó fara pa. Lọ́jọ́ tá à ń wí yìí, kóòtù Cherokee ń gbẹ́jọ́ Proctor lọ́wọ́ nínú ilé ẹ̀kọ́ kan làwọn èèyàn marshal dé láti kóòtù Amẹ́ríkà láti wá mú un torí òyìnbó tó fara pa yẹn, ni ìbọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Èèyàn mẹ́jọ ló kú lọ́dọ̀ àwọn marshal, lọ́yà Proctor náà kú níbẹ̀, ọta ba adájọ́.

Àbá tèmi fún frontier ni "etí-ìjọba", bá a ṣe ń sọ etí òkun, etí odò, ibi tí àṣẹ ìjọba kan ti ń fẹ́lẹ́ tó sì ti ń kan ti ẹlòmíì. Deputy marshal, ká pè é ní akọ́dà. Ọlọ́pàá ń rìn káàkiri ìlú, ó ń ṣọ́ ọ, akọ́dà ní tiẹ̀, kóòtù ló ń rán an pé lọ mú lágbájá wá, bàbá wa wo ni ò mọ akọ́dà ayé Native Authority? Iṣẹ́ tí Bass Reeves, deputy marshal aláwọ̀ dúdú kan, ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n bí i sóko ẹrú lọ́dún 1838, ọdún 1875 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún kóòtù ìjọba àpapọ̀ ti adájọ́ Parker ní Fort Smith, ìlú kan ní Arkansas létí ilẹ̀ náà. Kò mọ̀wé kà, wọ́n á ka ìwé àṣẹ sí i létí, á há gbogbo ẹ̀ sórí títí kan bí orúkọ kọ̀ọ̀kan ṣe rí lójú ìwé, tó bá débẹ̀ á yọ tẹni tó fẹ́ mú jáde láìṣì í. Kò sówó oṣù nígbà yẹn o, 6 sẹ́ńtì ni máìlì kan, owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú náà tún wà, tí wọ́n bá lọ pa ẹni tí wọ́n fẹ́ mú, owó wọmi nìyẹn, àwọn fúnra wọn lá tún sanwó ìsìnkú. Lọ́dún 1902, nígbà tí Bennie ọmọ Reeves pa ìyàwó òun Bennie, Reeves fúnra ẹ̀ ló gba ìwé àṣẹ tó lọ mú un.

Lighthorse, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní "ẹ̀ṣọ́ ẹlẹ́ṣin", torí ìlú wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹ fi èyí dán an wò: "Akọ́dà Fort Smith wọ etí-ìjọba wá mú ẹni tó wà níwájú adájọ́ Cherokee." Ẹ wá fi "ọlọ́pàá ibodè" àti "ilẹ̀ aláìlófin" sínú gbólóhùn yẹn, kẹ́ ẹ sọ fún mi bóyá ó ṣì bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu.