Kí ló sọ dúdú inú fọ́tò di pupa rúsúrúsú?

Ìbéèrè, láti Àkúrẹ́:
Ẹ̀yin àgbà ayàwòrán, mo kí yín. Ìtòsí Ọjà Ọba ni mo ti ń ya fọ́tò, tí mo sì ń tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Ìyá kan tí mo tẹ fọ́tò olóògbé bàbá rẹ̀ fún ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn gbé e padà wá. Agbádá dúdú tí bàbá wọ̀ ti di pupa rúsúrúsú lára ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń bà, àánú ìyá náà sì ṣe mí gan-an. Prínńtà mi ní íǹkì dúdú tirẹ̀. Kí ló dé tí ó fi ṣá?

Èsì kìíní, láti Òǹdó:
Àbúrò mi, dúdú kò rí bákan náà. Èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ prínńtà onítáńkì jẹ́ aró tí ó yọ́ sínú omi, tí à ń pè ní dáì. Èkejì ni pígímẹ́ǹtì, ìyẹn èérún kúnnákúnná tí kì í yọ́. Ti dúdú rẹ̀ sì jẹ́ kábọ́ọ̀nù, tí ó bá dúdú tí ó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tan. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń tú aró, ṣùgbọ́n agbára káká ni ó fi lè ṣe kábọ́ọ̀nù ní nǹkan kan. Má fojú fo bébà náà: èyí tí ó máa ń gbẹ lójú ẹsẹ̀ ní ihò wínníwínní tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, gáàsì ósóònù inú afẹ́fẹ́ sì lè mú kí aró orí rẹ̀ ṣá níbi tí oòrùn kò dé rárá.

Èsì kejì:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ohun tí ó fa pupa náà ni pé prínńtà sábà máa ń po àwọ̀ búlúù, pupa àti yẹ́lò pọ̀ láti fi ṣe dúdú, wọn kì í sì í ṣá ní ìwọ̀n kan náà. Bí búlúù bá kọ́kọ́ lọ, pupa àti yẹ́lò ni yóò ṣẹ́kù. Bí o bá fẹ́ ra òmíràn, béèrè dáadáa, nítorí dúdú pígímẹ́ǹtì inú àwọn prínńtà kan wà fún lẹ́tà orí bébà lásán nìkan. Kì í lẹ̀ mọ́ bébà dídán, nítorí náà prínńtà kò ní lò ó fún fọ́tò. Má sì da pígímẹ́ǹtì sínú prínńtà tí wọ́n ṣe fún dáì, ó lè dí i lórí.

Oníbéèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Màá tún fọ́tò ìyá náà tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lo pígímẹ́ǹtì, màá fi sínú férémù onígíláàsì, màá sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e kúrò níbi oòrùn. Lọ́la, màá fi páálí bo ìdajì fọ́tò kan tí mo fi íǹkì mi tẹ̀, kí n so ó mọ́ fèrèsé, kí n lè máa fi ìdajì kan wé èkejì lóṣooṣù.