Griffin mi ń kú bí eṣinṣin nínú War Robots: níbo ni mo ti ṣì í?

AtúnfóònùṢe (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà géèmù. Fóònù tí mo fọwọ́ ara mi pààrọ̀ ojú rẹ̀ ni mo fi ń ta War Robots, géèmù táwọn róbọ́ọ̀tì ti ń bára wọn jagun, fóònù ò sì fún mi ní wàhálà kankan. Róbọ́ọ̀tì ni wàhálà mi. Destrier ni mo fi bẹ̀rẹ̀ bíi gbogbo ayé, mo ra Cossack torí pé ó ń fò, mo wá rọra ń kó fàdákà, owó inú géèmù yìí, jọ títí owó Griffin fi pé. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń jí láago méjìlá òru torí dátà òru. Ìyàwó mi rò pé obìnrin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo so mọ́ Griffin ọ̀hún rèé: Molot méjì síbi ìbọn kékeré, Orkan méjì síbi ìbọn àárín. Èrò mi ni pé Molot á máa ta wọ́n láti òkèèrè, tí wọ́n bá wá sún mọ́ mi, Orkan á parí ẹ̀. Àṣé mo ń tan ara mi ni. Lánàá ní Springfield, ọ̀kan nínú àwọn pápá ogun géèmù náà, mo yìnbọn fún ẹnì kan títí, kò tiẹ̀ yíjú wò mí. Ìgbà tó wá yíjú, mi ò lò tó ìṣẹ́jú kan.

Fàdákà díẹ̀ tún wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ṣé kí n máa tọ́jú ẹ̀ de róbọ́ọ̀tì Fury ni, àbí kí n fi gbé ìbọn Griffin sókè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

ÌyáAránṣọ:

Àbúrò, a ò ní bú ẹ, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀.

Molot ń lọ dé mítà 800. Orkan ò kọjá 300. Tó o bá dúró síbi tó bá Molot lára mu, Orkan di ẹrù lásán léjìká ẹ. Tó o bá sì sún mọ́ wọn kí Orkan lè ṣiṣẹ́, Molot kéékèèké méjì yẹn á kàn máa jẹ wọ́n bí ẹ̀fọn ni. Ìdajì róbọ́ọ̀tì lò ń gbé lọ sójú ogun, odindi ni wọ́n sì ń pa.

Mú Molot kúrò, fi Pinata méjì rọ́pò ẹ̀. Mítà 300 náà lòun ń dé, rọ́kẹ́ẹ̀tì lòun àti Orkan. Àwa tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ń pe Griffin tó bá gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ní Death Button, bọ́tìnnì ikú. Má wá gbé e rìn kiri níta gbangba o! Pápá ogun Dead City ni kó o ti kọ́kọ́ lò ó, ilé pọ̀ níbẹ̀. Dúró sẹ́yìn ilé kan, má mira. Tí ọ̀tá bá ń kọjá lọ́nà kejì, fò, kó o tú gbogbo ẹ̀ lé e lórí látòkè, kó o sì balẹ̀ síbi tí kò ti ní rí ẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, sá pamọ́ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tún kún. Kì í tètè kún. Èmi máa ń rí àyè fi òwú sójú abẹ́rẹ́ kó tó kún, mi ò sì parọ́.

Ní ti Fury, ìbọn ńlá mẹ́ta ló ń gbé, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n kò lè fò, wàá sì tún wá owó ìbọn ńlá mẹ́ta. Fi í sílẹ̀ ná.

BàbáBeacon:

Ìyá Aránṣọ, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ti Ancile, asà tó ń gba ọta dúró, fún un. Bó ṣe máa pàdé róbọ́ọ̀tì Carnage báyìí, Ancile tó wà lára ẹ̀ á gba gbogbo rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn mì, ọmọ yìí á tún máa pariwo pé géèmù ń rẹ́ òun jẹ. Ìbọn Magnum àti Taran ló ń gba inú Ancile kọjá bíi pé kò sí ńkankan níbẹ̀. Mítà 350 làwọn méjèèjì ń dé, wọ́n sì bá Griffin mu: Magnum síbi kékeré, Taran síbi àárín. Róbọ́ọ̀tì márùn-ún ni hangar, ibi tá a ń kó róbọ́ọ̀tì sí, lè gbà tí gbogbo àyè ẹ̀ bá ti ṣí, kì í ṣe Griffin kan ṣoṣo lèèyàn ń gbé lọ.

Ìwọ AtúnfóònùṢe, kí lo dúró sí lọ́ọ̀ọ́kán ṣe ní Springfield? Beacon márùn-ún, àwọn ibi tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń jìjà gbà, ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Dúró ti èyí tó pupa, ti ọ̀tá, títí á fi di búlúù, tiwa. Ẹgbẹ́ tí tiwọn bá pọ̀ jù ló ń fa agbára ẹgbẹ́ kejì wálẹ̀, ìṣẹ́jú 10 péré sì ni gbogbo ogun náà. Cossack tó o ti pa tì yẹn, òun ló yẹ kó máa bá ẹ fò lọ gba beacon.

Góòlù_ọ̀pọ̀:

Mo ní góòlù géèmù yìí tó pọ̀, owó pọ́ọ́kú. Ẹ kàn sí mi ní kọ̀rọ̀.

ÌyáAránṣọ:

Ẹ má dá a lóhùn o. Irú wọn kan gba ọ̀rọ̀ìpamọ́ lọ́wọ́ ọmọ àbúrò mi pé òun fẹ́ kó góòlù sí i. Kò rí góòlù, kò tún rí àkáǹtì.

AtúnfóònùṢe:

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi Pinata sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ ní Dead City, ojú kán mi, mi ò tíì fò kọjá òrùlé tí mo fi tẹ̀ ẹ́: ara ògiri iwájú mi ni gbogbo rọ́kẹ́ẹ̀tì bú sí, ẹni tí mo ń ṣọ́ bá fẹ̀sọ̀ wá pa mí. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ní sùúrù. Mo pa méjì kí wọ́n tó rí mi mú, mo sì ti fi Cossack gba beacon kan kó tó dìgbà yẹn.

Ìyàwó mi ti jí, ó jókòó tì mí, ó ń wò ó. Ó ní kí n tún fò.