Ta ló láṣẹ lórí ìwé ìran ajá ní Amẹ́ríkà: àwa tí a ni ajá, tàbí àwọn ẹgbẹ́?

Bàbá Ìbejì (Maryland) béèrè:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá síwájú yín, mo sì fẹ́ kí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ tú u palẹ̀ fún mi. Ní ọdún tó kọjá, mo ra abo ọmọ ajá German Shepherd kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sin ajá ní ìpínlẹ̀ tó múlé gbè wá. Owó tí mo san kì í ṣe kékeré, ohun tó sì mú kí n san án ni pé ẹni náà fọwọ́ sọ̀yà pé ajá náà ní ìwé AKC (American Kennel Club, àjọ tó ń tọ́jú ìwé ìran ajá ní Amẹ́ríkà). Nígbà tí ìwé ọ̀hún dé, mo wò ó fìrí, mo rí orúkọ ajá náà, ti bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, mo sì kì í bọ inú ọ̀rá tí mo ń kó ìwé pàtàkì sí.

Nígbà tí ajá náà pé oṣù 16, mo jẹ́ kí akọ ajá aládùúgbò mi, tí òun náà ní ìwé AKC, gùn ún. Ó bí mẹ́fà, gbogbo wọn sì yè. Ìgbà tí mo fẹ́ forúkọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀ ni AKC dá mi lóhùn pé àwọn kò lè gbà wọ́n, nítorí pé ìforúkọsílẹ̀ tó ní ààlà ni ti ìyá wọn. Ìgbà náà ni mo tó yọ ìwé ọ̀hún jáde tí mo fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, etí ìwé náà sì ní àwọ̀ ọsàn yípo. Mo lọ wo ti aládùúgbò mi, elésè àlùkò ni tirẹ̀.

Ẹni tó ta ajá fún mi kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yìí rárá lọ́jọ́ tí a dúnàádúrà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó fún un ní àṣẹ láti fi ààlà sórí ajá tí mo ti fi owó mi rà, àti ibi tí mo lè gbé ẹjọ́ náà lọ. Mo tilẹ̀ rò pé kí n di ọmọ ẹgbẹ́ AKC kí n lè dìbò kí wọ́n yí òfin náà padà, ṣùgbọ́n mo wá gbogbo ojú ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè san owó ọmọ ẹgbẹ́. Irú ẹgbẹ́ wo ni kì í gba ènìyàn?

Ìyá Tóbi (North Carolina) fèsì:

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ajá, ẹ sì kú ewu ọmọ mẹ́fà. Èmi náà ń sin ajá, Poodle ni tèmi, mo sì máa ń fi ààlà yìí sórí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí mo ń tà, nítorí náà ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gbè sẹ́yìn ẹni tí ẹ ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Bí ìforúkọsílẹ̀ náà ṣe ń lọ nìyí. Bí ajá bá bímọ, ẹni tó ni ìyá àti ẹni tó ni bàbá ni wọn yóò kọ́kọ́ jọ forúkọ gbogbo àwọn ọmọ náà sílẹ̀ lápapọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, orí fọ́ọ̀mù yẹn sì ni ẹni tó bí wọn sílé rẹ̀ yóò ti yàn bóyá ìforúkọsílẹ̀ kíkún ni òun fẹ́ fún un tàbí èyí tó ní ààlà. Ajá tó ní ààlà jẹ́ ojúlówó bíi ti àwọn ìyókù, ó lè ṣe ìdíje ìgbọràn àti ti eré sísá láàárín àwọn ohun ìdènà, ṣùgbọ́n kò lè wọ ìdíje tí wọ́n ti ń yẹ ẹwà ara wò, AKC kò sì ní forúkọ ọmọ tó bá bí sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè ní kí wọ́n mú ààlà náà kúrò ni ẹni tó fi í síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ AKC kankan kò lè bá yín ṣe é, bí ẹ tilẹ̀ ké dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn.

Ìdí tí a fi ń ṣe é kò ṣòro. Ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo ń tà. N kò tíì mọ bí egungun ìbàdí rẹ̀ yóò ṣe rí bó bá dàgbà, n kò sì mọ̀ bóyá yóò ya oníjàgídíjàgan. Orúkọ ilé mi sì ni ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò máa gbé kiri nínú ìwé ìran.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, kì í ṣe láti bú yín, pé oṣù 16 ti yá jù fún German Shepherd. Òfin AKC gbà á lóòótọ́, nítorí pé oṣù 8 ni wọ́n fi ṣe ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ fún abo àti oṣù 7 fún akọ, ṣùgbọ́n OFA, tí wọ́n ń yẹ egungun ajá wò, kì í fúnni ní èsì àṣekágbá lórí ìbàdí àfi bí ajá bá pé oṣù 24. Ẹ ti jẹ́ kó bímọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá ìbàdí rẹ̀ dára. Ó ṣe é ṣe kó jẹ́ ohun tí ẹni tó tà á fún yín ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín kó tó gba owó.

Àjàní (Texas) fèsì:

Ìyá Tóbi ti dáhùn apá kan, ẹ jẹ́ kí n mú èkejì. Bàbá Ìbejì, ẹ kò rí ibi tí wọ́n ti ń san owó ọmọ ẹgbẹ́ nítorí pé ènìyàn kọ́ ni ọmọ ẹgbẹ́ AKC, ẹgbẹ́ ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1884, ní Philadelphia, ọkùnrin 12 jókòó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣojú ẹgbẹ́ ajá kan, wọ́n sì dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà títí dòní. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbà wọlé ní aṣojú kan, àwọn aṣojú wọ̀nyí ń pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, àwọn ló ń dìbò yan ìgbìmọ̀ olùdarí, àwọn náà ló sì ń dìbò lórí òfin. Ẹ fi wé àpapọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí a ní níhìn-ín: ẹ kì í bá àpapọ̀ san owó, ẹ̀ka tó wà ní ìlú yín ni ẹ ń bá san, ẹ̀ka ló sì ń rán aṣojú lọ sí ìpàdé ńlá. (Títí di 1974, ọkùnrin nìkan ló lè ṣe aṣojú, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń fi òru ṣọ́ ajá tó ń rọbí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di 1979 kí The Kennel Club, irú AKC tiwọn, tó gba obìnrin ní ọmọ ẹgbẹ́ kíkún.)

Fún ẹ̀yà ajá kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kan wà tó jẹ́ àgbà fún ẹ̀yà náà jákèjádò orílẹ̀-èdè. Òun ló ń kọ àpèjúwe bí ajá náà ṣe gbọ́dọ̀ rí, kí ìgbìmọ̀ AKC tó fọwọ́ sí i, ohùn rẹ̀ ló sì ń rinlẹ̀ jù bí ọ̀rọ̀ bá kan irú ajá tó lè wọ inú ìwé ìran. Inú ọ̀rọ̀ Dalmatian, ajá funfun onítótòtó nì, ni mo ti rí bí agbára yìí ṣe pọ̀ tó. Gbogbo Dalmatian inú ìwé ìran ló ní àbùkù kan náà: uric acid, ìdọ̀tí kan tí ara ń tú dànù, pọ̀ jù nínú ìtọ̀ wọn, ó sì lè di òkúta nínú àpò ìtọ̀, pàápàá lára akọ. Bí gbogbo ajá inú ìwé bá sì ní àbùkù kan, bó ti wù kí ènìyàn ṣa ọkọ ṣa aya nínú wọn tó, ọmọ tí kò ní in kò lè jáde. Ní 1973, onímọ̀ ìran kan tó ń jẹ́ Robert Schaible jẹ́ kí Dalmatian àti Pointer, irú ajá ọdẹ kan, bímọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń dá àwọn ọmọ náà padà sọ́dọ̀ Dalmatian láti ìran dé ìran, títí tí tótòtó ara wọn fi padà bọ̀ sípò, tí ìtọ̀ wọn sì dà bíi ti ajá yòókù.

Ní 1981, AKC forúkọ méjì nínú wọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Dalmatian Club of America yarí pé ẹ̀jẹ̀ àlejò ti wọlé, AKC sì tún ilẹ̀kùn náà tì. Ó di 2011 kí ìbò ẹgbẹ́ náà tó yí padà, kí AKC tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n. Ọgbọ̀n ọdún gbáko! Ajá tí ara rẹ̀ dá ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìbò ló ń dúró dè.

Àwọn ti Basenji, irú ajá kan tó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà, ṣe tiwọn ní òdìkejì. Ẹgbẹ́ wọn ló fúnra rẹ̀ bẹ AKC pé kí ó ṣí ìwé ìran, wọ́n sì ṣí i ní 1990 fún àwọn ajá tí wọ́n lọ mú wá láti Kóńgò, tí àwọ̀ onílà-nílà tí wọ́n ń pè ní brindle sì bá wọn wọlé. Ìwé kan náà, AKC kan náà, ìbò ẹgbẹ́ ló yàtọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dìbò, ẹ wọ ẹgbẹ́ German Shepherd tó bá wà nítòsí yín, kí ẹ sì wá ọ̀nà dé German Shepherd Dog Club of America. Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín: àwọn tó ń sin ajá ló kún àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, wọn kò sì ní fi ọwọ́ ara wọn gba ọ̀bẹ yìí kúrò lọ́wọ́ ara wọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Hamburg) fèsì:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti Jámánì, níbi tí ajá Bàbá Ìbejì ti ṣẹ̀ wá. Níhìn-ín, ẹgbẹ́ ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú ìwé ìran. SV, ìyẹn ẹgbẹ́ German Shepherd ti Jámánì, tí Max von Stephanitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1899, ló ń kọ orúkọ German Shepherd sílẹ̀, abẹ́ VDH, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ajá ní Jámánì, ló sì wà, tí VDH sì wà lábẹ́ FCI, àpapọ̀ ti àgbáyé. Èmi tí mo jẹ́ ènìyàn lásán lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ SV, mo sì ń san owó mi lọ́dọọdún.

Ṣùgbọ́n òmìnira tí ẹ ní lọ́hùn-ún kò sí níhìn-ín. Kí abo mi tó lè bímọ tí yóò wọ ìwé, wọ́n gbọ́dọ̀ ya àwòrán ìbàdí àti ìgúnpá rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gba DNA rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò iṣẹ́. Bí ó bá sì bímọ tán, ẹni tí ẹgbẹ́ yàn yóò wá sílé mi, yóò ka àwọn ọmọ náà níkọ̀ọ̀kan lójú mi, yóò sì wo ibi tí wọ́n ń sùn. Ẹni tó wá sọ́dọ̀ mi gbẹ̀yìn tilẹ̀ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan eyín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

AKC kì í béèrè irú àyẹ̀wò ìlera bẹ́ẹ̀ kí ó tó forúkọ ọmọ sílẹ̀. DNA pàápàá, akọ tó bá ti bímọ lẹ́ẹ̀méje láyé rẹ̀, tàbí tó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ láàárín ọdún kan, ni wọ́n sọ ọ́ di dandan fún. Ìwé wọn ń sọ ẹni tó bí ajá náà, kò sọ bóyá ara rẹ̀ le. Níbi tí ìwé ìran kò bá ti béèrè nǹkan kan nípa ìlera, ààlà tí ẹni tó ta ajá fi síbẹ̀ nìkan ló kù láti dí àlàfo náà. Lójú tèmi, ẹrù tó yẹ kí ẹgbẹ́ gbé ni wọ́n gbé lé ẹnì kan lórí.

Bàbá Ìbejì (Maryland) fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Ìyá Tóbi dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo pe ẹni tó ta ajá náà fún mi lálẹ́ àná. Ó gbà pé òun kò ṣàlàyé tó, ó sì bẹ̀ mí. Ó ní bí mo bá mú èsì OFA wá lẹ́yìn tí ajá náà bá pé oṣù 24, tí ìbàdí rẹ̀ sì dára, òun yóò fọwọ́ sí ìwé tí wọn yóò fi mú ààlà náà kúrò, òun kò sì ní gba owó kankan lọ́wọ́ mi. Ó ku oṣù márùn-ún.

Ní ti àwọn ọmọ mẹ́fà, n kò ní dúró de ìwé. Mo ti sọ fún àwọn tó fẹ́ rà wọ́n pé wọn kò níwèé, mo sì ti dín owó wọn kù. Méjì ti ní olówó. Ìyàwó mi ní ọ̀kan kò ní kúrò nílé, ó sì ti sọ ọ́ ní Tanímọ̀la.

Ìyá Tóbi (North Carolina) fèsì:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ ìlérí náà ránṣẹ́ sí yín, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù lásán. Kí ẹ sì má jẹ́ kí akọ kankan sún mọ́ ìyá Tanímọ̀la títí èsì yóò fi dé.