Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ṣé ká ra sólà ni àbí ká kọ́kọ́ tún ilé ṣe?

Ìyá Dámọ́lá, Ṣómólú
Ẹ kú ọjọ́ gbogbo ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí èmi àti bàbá Dámọ́lá tó bára wa jà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà, òkè pátápátá, páànù ló wà lórí wa tààrà. Band A ni wọ́n fi àdúgbò wa sí, àwọn tí wọ́n ní àwọn á máa fún ní iná ogún wákàtí lójúmọ́ nìyẹn, àtìgbà tí wọ́n ti sọ yúníìtì iná kan di 225 náírà ní April 2024, wọ́n padà yọ díẹ̀ níbẹ̀ ṣá àmọ́ ta ló mọ̀ ọ́n lára, owó iná ti fẹ́ máa lé owó oúnjẹ. A ní AC 1.5 HP kan, tòkunbọ̀, fíríìsà kan, fáànù mẹ́ta, áyọ́ọ̀nù, tẹlifíṣọ̀n. Ooru ilé yẹn ò ṣeé fẹnu sọ, tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ẹ fọwọ́ kan ògiri yàrá ẹ máa rò pé ẹnì kan ń dáná lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá Dámọ́lá fẹ́ yá owó alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ ẹ̀ ra sólà ńlá tó máa gbé AC, èmi ní ká kọ́kọ́ wo nǹkan tó ń jẹ iná. Ilé onílé sì ni o. Èwo la máa ṣe?

Bọ̀dá Oníwáyà, Múṣín
Mọ́mì ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má tíì náwó kankan. Ẹ pa gbogbo nǹkan nínú ilé, ẹ yọ plọ́ọ̀gì gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ wo iná pupa kékeré ara mítà, tó bá ṣì ń ṣẹ́jú, iná ń jò níbì kan tàbí ẹnì kan ti so wáyà mọ́ tiyín, mo máa ń rí i dáadáa nínú ilé tí wọ́n pín sí fúláàtì. Ó wá ku AC. AC tòkunbọ̀ 1.5 HP lè fà tó 1,200 wáàtì, tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ láìsinmi yúníìtì tó lé ní mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló ń lọ yẹn, fáànù ò ju bíi 70 wáàtì lọ. Tó bá jẹ́ dígírì 16 lẹ fi AC sí, ẹ gbé e lọ sí 25 kẹ́ ẹ tan fáànù mọ́ ọn. Fíríìsà ńkọ́, ẹ ki owó náírà oníbébà sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tì í, tí náírà yẹn bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ẹ̀ ti kú, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kò wọ́n. Ẹ fà á kúrò lára ògiri náà kí ẹ̀yìn ẹ̀ lè mí.

Àdùkẹ́, Yábàá
Ooru yẹn gan-an lọ́rọ̀ yín. Ẹ lọ wo àwọn ilé Àgùdà, èyí tí àwọn tó padà dé láti Brazil kọ́, tó ṣẹ́ kù ní Campos ní Ìsàlẹ̀ Èkó, síilìn ẹ̀ ga, ògiri ẹ̀ nípọn, fèrèsé onígi tó ń ṣí gbayawu, àwa wá ń kọ́ ilé tí síilìn fẹ́ẹ̀ kan èèyàn lórí, a tún fi fèrèsé sliding sí i tó jẹ́ pé ìdajì ẹ̀ ló lè ṣí láyé, ó ń bí mi nínú. Àǹtí mi, ṣé ògiri yẹn kọjú síbi tí oòrùn ń wọ̀? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, búlọ́ọ̀kù ló ń mu oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó wá ń tú u sílẹ̀ lóru. Kọ́tìnì ò ràn án, oòrùn ti wọ gíláàsì kó tó kan kọ́tìnì. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dá a dúró, ẹní ọparun tí wọ́n ń ká sókè tàbí tapólì.

Àlàájì Bàrígà
Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, sólà ni! Àtìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, ta ló ń rówó ra epo sí jẹnẹrétọ̀? Èéfín ẹ̀ ńkọ́, èyí tí kò lóòórùn nínú ẹ̀ ló ń pa àwọn tó ń tàn án sí kọ́rídọ̀ mọ́jú. Tẹ́ ẹ bá ń kó jáde ẹ máa tú páńẹ́ẹ̀lì yín dání, síilìn tẹ́ ẹ tún ṣe ńkọ́? Onílé ló jogún ẹ̀.

Ìyá Dámọ́lá
Àlàájì, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ká tún ilé ṣe tán kí láńdìlọ́ọ̀dù wá fowó lé owó ilé. Àdùkẹ́, bẹ́ẹ̀ ni o, ibi tí oòrùn ń wọ̀ ni.

Bàbá Onílé, Súrùlérè
Èmi náà ń gba owó ilé, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Tí ayálégbé bá wá bá mi pé òun fẹ́ fi ọ̀dà funfun kun páànù, mi ò ní kọ̀, páànù tèmi náà ló máa pẹ́. Funfun máa ń ta oòrùn padà, páànù dúdú ló ń gbé e mì. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ síwèé, kẹ́ ẹ kọ iye tó máa yọ kúrò nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò sí lọ́dọ̀ àwa láńdìlọ́ọ̀dù.

Bọ̀dá Oníwáyà
Àlàájì ò purọ́, sólà dáa, títóbi ẹ̀ ni mò ń bá jà. Tẹ́ ẹ bá ní kó gbé AC yẹn mọ́jú, bátìrì nìkan máa kó owó alájẹṣẹ́kù tán. Ẹ yọ AC kúrò níbẹ̀, kó gbé gílóòbù LED, fáànù, fíríìsà, tẹlifíṣọ̀n. Áyọ́ọ̀nù náà ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, ẹ máa lọ aṣọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí iná NEPA bá wà. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi lẹ rà, tó bá ti kú ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń ra irin kọ̀ndẹ́ẹ̀mù fọ́ ọ nínú kọ́ńpáàùn yín, òjé ló wà nínú ẹ̀, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ìyá Dámọ́lá
Ẹ ṣé gan-an. Bàbá Dámọ́lá ti ka gbogbo ẹ̀, ó ní òun gbà pé sólà máa kéré àmọ́ AC òun ò kúrò lórí ẹ̀ o 😂. Bọ̀dá Oníwáyà, ẹ wo inbox yín, Sátidé ló máa ń wà nílé.