Ọlọ́pàá tó ń wọn ipa táyà: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Maryland:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mò ń ṣe níbí, wọ́n ní ká lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wádìí àsídẹ́ńtì, mo ṣebí fọ́tò la fẹ́ lọ máa yà. Lọ́jọ́ kejì ni tísà bá wa jálopí kan tí ò ní ABS, bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, ó ki eré bọ̀ ọ́, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, táyà kọ dúdú sójú títì, ó ní ó yá, ẹ gbé tépù. Ẹsẹ̀ bàtà 100 géérégé. Wọ́n tún gbé àbọ̀ táyà tí wọ́n da kọnkéré sí nínú wá, ká so síkéèlì mọ́ ọn ká máa wọ́ ọ lórí títì yẹn, ká lè mọ bí títì ṣe ń di táyà mú tó, àgbà ọlọ́pàá ń fa táyà kiri bí ọmọdé tó ń fa mọ́tò agolo, ẹ̀rín pa mí! A fi gígùn ipa táyà àti bí títì ṣe di táyà mú tó ṣírò eré tó sá, ìṣirò gbé máìlì 46 ní wákàtí jáde, tísà ní 45 lòun rí nínú mọ́tò. Mo panu mọ́. Mọ́tò tuntun tó ní ABS kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ títì ṣá, kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ la máa ń tú wò, ó sábà máa ń tọ́jú eré tí mọ́tò ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá 5 tó ṣáájú ìkọlù.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ̀yin tiẹ̀ rí ipa táyà wọ̀n. Ọkọ mi ṣe MTD, àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ mọ́tò, kó tó fẹ̀yìntì, kó tó dé ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn wọ́n á ti fa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tírélà á ti gun gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Gílóòbù ló máa ń sá tọ̀. Dáńfó kan lọ wọ ẹ̀yìn tírélà lóru, dírẹ́bà tírélà ń búra pé iná ẹ̀yìn òun ń tàn. Baálé mi tú gílóòbù. Tó bá ń tàn nígbà tí wọ́n kọlù ú, wáyà tín-ín-rín inú ẹ̀ á ti gbóná, á ti rọ̀, á nà wúruwùru. Tiẹ̀ dúró ṣánṣán bí èyí tó ṣì wà nínú páálí. Ni dírẹ́bà bá ní "ọ̀gá, àtàná ni wáyà yẹn ti ń ṣe mí báyìí."

Dírẹ́bà Àgbà:
Màmá ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o 😂 Èmi náà ti kó sí wọn lọ́wọ́ rí l'Abẹ́òkúta, mo ní kìlómítà 50 ní wákàtí ni mo ń sá, ọ̀gá náà wọn ipa táyà mi, mítà 45, ó tẹ fóònù ẹ̀, ó ní ìyẹn ń lọ sí 90, ó tún bi mí, mo ní 50 náà ni sà, wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni, kó tún un wọ̀n. Ló bá tún un wọ̀n lóòótọ́. 46.