Ìbọn adákì ni, kì í ṣe "aládàáṣiṣẹ́ ìlàjì"

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin tí ẹ ti ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀ ni pé kí ni ká máa pe irú ìbọn tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní "semi-automatic" ní Yorùbá, kí ni ká sì máa pe ẹni tó ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó wá tò ó pọ̀ nílé láti fi gbafẹ́. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: "ìbọn aládàáṣiṣẹ́ ìlàjì", "ìbọn onídàajì-ẹ̀rọ", àti "sẹ́mì" lásán. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan, pàápàá èyí àkọ́kọ́. Gírámà kọ́ ló bà á jẹ́ lójú mi. Mo ti lò ó rí, mo sì rí ohun tó dá sílẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Lọ́dún tó kọjá ló to ìbọn àkọ́kọ́ rẹ̀ pọ̀ nínú gáréèjì ilé rẹ̀. AR-15 ni, ọ̀kan lára àwọn ráífù "semi-automatic" náà. Kò jí i ṣe o. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fàyè gba ẹni tí wọn kò bá fi òfin dè láti ní ìbọn pé kó ṣe tirẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀, Texas náà kò sì dí i lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin California àti ti New York le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ya fídíò, ó fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n fi han Bàbá.

Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọdẹ ni wọ́n, ní Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún. Mo gbé fóònù sí wọn lójú, mo ń túmọ̀ bí ọmọ náà ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ibi "semi-automatic", ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni pé, "Bàbá, ìbọn tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni, àmọ́ ìlàjì ni."

Bàbá dìde lórí àga. "Ó ń dá ṣiṣẹ́? Iṣẹ́ wo ni ìbọn ní tó ju kó yìn lọ? Pè é, kó gbé e sílẹ̀, kó kó aya àti ọmọ rẹ̀ jáde nínú ilé yẹn!"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Mo ní kò lè dá yìn, àfi kéèyàn fa apátí rẹ̀. Mo ní tó bá ti yìn tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ti ọta mìíràn sí àyè èyí tó lọ.

Wọ́n wò mí. "Ṣé ó ń dá kì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò ti sọ bẹ́ẹ̀?" Wọ́n jókòó. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé ṣakabùlà wọn tó wà lára ògiri wá, wọ́n sì fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń da ẹtù sí i lẹ́nu, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ọta tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ wọn ò yá mọ́, àmọ́ kò ṣi ibì kan. Wọ́n ní ẹran tí kò bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tó máa dúró de ọdẹ kó ki ìbọn lẹ́ẹ̀kejì.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo ń wá: ìbọn adákì.

Iṣẹ́ méjì pàtàkì ló wà nídìí ìbọn, Yorùbá sì ti fún ìkọ̀ọ̀kan ní orúkọ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ AR-15 rárá. A ń ki ìbọn, a ń yin ìbọn. Ní ti ṣakabùlà, èèyàn ló ń ṣe méjèèjì. Ní ti ìbọn tí à ń sọ yìí, èèyàn ń yìn, ìbọn ń kì. Níbo ni "ìlàjì" wá wà níbẹ̀? Bí a bá sọ fún ọdẹ pé ìbọn ń dá ṣe ìlàjì iṣẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó béèrè ìlàjì wo, nítorí pé nínú ìlàjì méjèèjì yẹn, ọ̀kan ń pààyàn, èkejì kò pààyàn.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo rò ó báyìí. Ẹ wo bí òfin Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ṣe túmọ̀ ráífù "semi-automatic": ìbọn tó ń lo díẹ̀ nínú agbára ọta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn láti lé èèpo ọta náà jáde, láti sì ti ọta tuntun sí àyè rẹ̀, tó sì jẹ́ pé fífà kan ni ọta kan. Kò sí "ìlàjì" kankan nínú gbólóhùn yẹn. Kíkì àti yíyìn ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Winchester gbé irú ráífù yìí jáde ní 1905, "Self-Loading" ni wọ́n pè é, ìyẹn èyí tó ń ki ara rẹ̀. Àwọn ará Jámánì náà ń pè é ní "Selbstladegewehr", ìtumọ̀ kan náà. A jẹ́ pé "adákì" bá ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe é mu ju "aládàáṣiṣẹ́ ìlàjì" lọ.

Ẹnì kan ní AR tó wà nínú orúkọ AR-15 ló fi hàn pé "automatic" ni. Rárá o. ArmaLite Rifle ni. ArmaLite ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 1954, níbi tí Eugene Stoner, tí AR-15 ti inú iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ta ẹ̀tọ́ AR-15 fún Colt, ilé-iṣẹ́ ìbọn mìíràn, ní 1959, Colt sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta adákì rẹ̀ fún ará ìlú ní 1964. Èyí tí àwọn ológun gbà, tó lè máa yìn léraléra láìjẹ́ pé a tún apátí fà, òun ni M16.

Ìyẹn gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ kejì. Àbúrò wa kan ní tí a bá gba "adákì", ká pe ẹ̀rọ ológun yẹn ní "adáyìn", kí wọ́n lè jẹ́ ìbejì. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ kò jóòótọ́. Ìbọn yẹn pàápàá kì í dá yìn, ọwọ́ èèyàn ṣì wà lórí apátí rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé kò ní dákẹ́ àfi tí ọwọ́ bá kúrò tàbí tí ọta bá tán. Bí òjò ló ń rọ̀ ọ́, "arọ̀jò-ọta" sì ti ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ ká pa méjèèjì pọ̀, torí òfin Amẹ́ríkà kò pa wọ́n pọ̀: arọ̀jò-ọta ti wà lábẹ́ òfin líle láti 1934, èyí tí wọ́n bá sì ṣe lẹ́yìn oṣù Karùn-ún 1986, ará ìlú lásán kò gbọdọ̀ ní in. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ méjèèjì, a ti sọ ọmọ tí kò rú òfin di ọ̀daràn lójú àwọn èèyàn rẹ̀ nílé.

Àtakò tó le jù lọ tí mo rí ni ti ọ̀gá wa tó jẹ́ olùkọ́ èdè. Wọ́n ní "adákì" lè túmọ̀ sí ẹni tó ń dá oríkì ara rẹ̀ kì. Òótọ́ ni. Ẹ wá wò ó, ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń rò ó: kì ni a fi ń ki oríkì, kì náà ni a fi ń ki ìbọn, yìn ni a fi ń yin èèyàn, òun náà ni a fi ń yin ìbọn. Méjèèjì ń sọ ohùn ìsàlẹ̀ wọn di ohùn àárín tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé wọn. Mi ò mọ èdè mìíràn tí ìbọn àti ìyìn ti ń jẹ orúkọ kan náà báyìí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ "ó yin ìbọn" tó rò pé ẹnì kan ń yẹ́ ìbọn sí. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń là á. "Ìbọn adákì" ni a ó máa sọ, a kò ní sọ "adákì" nìkan.

Ní ti ibi tí ìka ń fà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣẹ̀dá ohunkóhun. Mo rí "ìfàbọn", mo rí "afàyìn". A ní apátí. Òwe wa sọ pé ìbọn ní apátí, ìbọn ò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú ìbọn kọ òun? Ọ̀rọ̀ tó ti wọnú òwe, kí la tún ń wá kiri?

Ó wá ku iṣẹ́ tí ọmọ yẹn ṣe gan-an. Bàbá bi mí pé, "Òun ló rọ ọ́?" Mo ní rárá. Rírọ jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ, ó ń béèrè iná àti ọmọ owú. Ọmọ yìí kò yọ́ irin kankan. Ó ra ẹ̀yà tí ẹlòmíràn ti ṣe, ó sì tò ó pọ̀, bí mẹkáníìkì ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tó sì ń tò ó padà. "Títò" ni mo fara mọ́. Ẹ̀yin tó wà ní Nàìjíríà, kí ẹ má ṣe rò pé ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ṣílẹ̀kùn fún yín o: òfin ìbọn wa ti 1959 ka rírọ àti títò léèwọ̀ bákan náà níta ibi tí ìjọba yàn, kódà nínú ìbọn ọdẹ tí ará ìlú lè gba ìwé àṣẹ rẹ̀, òfin náà yọ adákì sọ́tọ̀.

"Afìbọnṣeré" fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbafẹ́ bí mi nínú. Ẹni tó ń fi ìbọn ṣeré ni à ń gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí mo rí nínú fídíò yẹn kò ṣeré. Kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó fi hàn pé kò sí ọta kankan nínú gáréèjì náà. Ẹ jẹ́ ká kàn sọ pé "ó ń fi ìbọn títò ṣe iṣẹ́ ìgbafẹ́". Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Èyí tó le jù ni "receiver", ìyẹn ara ìbọn tí àwọn ẹ̀yà yòókù ń so mọ́, tí ẹnì kan túmọ̀ sí "olùgbà". Olùgbà ni ẹni tí a kọ lẹ́tà sí. Ẹ jẹ́ n sọ bí ohun náà ṣe rí. Ọmọ náà gbé e sí àtẹ́lẹwọ́: alumíníọ̀mù dúdú kékeré, ihò nísàlẹ̀ tí mágásíìnì (àpótí ọta) ń gbà wọlé, àyè fún apátí, nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò ní ẹnu, kò ní ìdí. Síbẹ̀ òun ni òfin ìbọn Amẹ́ríkà ti 1968 kà sí ìbọn. Òun nìkan ló rà lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ, tó kọ fọ́ọ̀mù fún, tí wọ́n sì yẹ orúkọ rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e fún un. Ọ̀pá ìbọn àti ìdí rẹ̀ wá bá a nílé bí ìgbà tí èèyàn ra bàtà. Bàbá tún un wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Èyí gan-an ni wọ́n ń pè ní ìbọn?"

Níwọ̀n bí ìbọn ti ní ẹnu, tó ti ní ìdí, mo dábàá pé kí apá òkè tó gbé ọ̀pá dání máa jẹ́ àyà ìbọn, kí apá ìsàlẹ̀ yìí sì máa jẹ́ ikùn ìbọn, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí bíi ti adákì. Bàbá ní àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń tún ṣakabùlà ṣe nígbà èwe àwọn ní orúkọ fún irin àti igi tí apátí jókòó lé, àmọ́ orúkọ náà ti sá mọ́ wọn lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ilé alágbẹ̀dẹ wá, ẹ bá wa bi àwọn àgbà yín. Bí orúkọ yẹn bá ṣì wà lẹ́nu ẹnì kan, n ó kó "ikùn" mi kúrò nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.